Wàrà Ni Paneer: Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Íńdíà fún Aboyún

Ìwé ìmọ̀ràn tí NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fún aboyún sọ pé kò sí wàhálà nínú jíjẹ paneer, tí oúnjẹ Íńdíà kún fún, bí wọ́n bá ti pa kòkòrò inú mílíìkì tí wọ́n fi ṣe é. Ọmọ ìlú Ilé-Ogbó nílẹ̀ Yorùbá tó lóyún ní London, tí oúnjẹ Íńdíà sì ń wù ú ṣáá, á ka ìyẹn, á sì máa jẹun rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ dé nígbà tí ìyá rẹ̀ bá pè é láti ilé, tó ní, "Kí lò ń jẹ?" Bó bá fi ìmọ̀ràn náà ṣe Yorùbá bó ṣe wà, "wàrà" ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fún ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nínú Bíbélì Yorùbá, ohun tí wọ́n fún lọ́mú màlúù ni wàrà. Ní ọjà Ilé-Ogbó, mílíìkì ni ìyẹn. Wàrà ni èyí tó ti dì, tí obìnrin Fúlàní gbé sínú igbá, tí a ń fi ata dín. Atúmọ̀-èdè tó bá kọ ọ́ pé kí aboyún má fẹnu kan wàrà tútù lè mú kó fi ti inú igbá sílẹ̀, kó wá gba mílíìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mu, bẹ́ẹ̀ mílíìkì yẹn gan-an ni wọ́n ní kó ṣọ́ra fún.

Ẹ wo ọwọ́ àwọn ìyá Fúlàní nínú gáà. Wọ́n á gbé mílíìkì kaná. Wọ́n á gún bòmubòmu, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ sínú mílíìkì náà nígbà tó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iná á máa jó, mílíìkì á hó, á wá dì, omi á yà sọ́tọ̀ lára rẹ̀. Wọ́n á bù ú sínú ajere kéékèèké kí omi náà lè ro, ìdí nìyẹn tí wàrà fi máa ń ní àpá ajere lára tó bá dé ọjà. Ará Íńdíà náà, mílíìkì tó ń hó ni tirẹ̀. Omi ọsàn kíkan ló fi ń dì í dípò bòmubòmu, aṣọ ló sì fi ń sẹ́ ẹ. Wàrà ni paneer. Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi ń wá ọ̀rọ̀ tuntun sí i. Méjèèjì ló rí iná, ẹ̀yìn iná sì ni ewu wọn wà: igbá tí wọ́n gbé e sí, omi tó ti wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀, ọwọ́ tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń kì bọ̀ ọ́ kó lè ṣa èyí tó tóbi. Kí aboyún dín in, kó jẹ ẹ́ ní gbígbóná, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe làálàá kankan nídìí mílíìkì. Orúkọ Louis Pasteur, ará Faransé, ni wọ́n sọ di ọ̀rọ̀-ìṣe, "pasteurise", bí wọ́n ṣe fi orúkọ Joseph Lister, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ kòkòrò listeria. Ohun tí wọ́n ń ṣe ò ju pé kí mílíìkì gbóná dé ìwọ̀n 63 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì fún ìṣẹ́jú 30, tàbí ìwọ̀n 72 fún ìṣẹ́jú àáyá 15. "Mílíìkì tí wọ́n fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀" gùn lóòótọ́, àmọ́ ta ni kò ní yé? Àwọn kan fẹ́ràn "mílíìkì tí a sọ di mímọ́". Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé, kó máa gbé ibẹ̀.

Listeria fúnra rẹ̀ ni mi ò ní bá dá orúkọ. Kòkòrò yìí máa ń pọ̀ sí i nínú fíríìjì níbi tí ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn ti ń sùn; iná nìkan ló mọ̀ lọ́gàá. Lára aboyún, ó lè má ju ara gbígbóná àti ara ríro lọ, síbẹ̀ kó gba inú ibi ọmọ dé ara ọlẹ̀, kí oyún wálẹ̀ tàbí kí ọmọ kú sínú. Ní South Africa, láàárín 2017 sí 2018, ẹran lílọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní polony kó o ran ènìyàn 1,060, àwọn 216 sì kú, ọmọ tuntun pọ̀ gan-an nínú àwọn tó mú. Yorùbá ní ọ̀nà tó ń gbà sọ irú àrùn bẹ́ẹ̀ lórúkọ: a ní ibà pọ́njú, a ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí dókítà ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Bá a bá tẹ̀ lé ìlànà yẹn, ibà jọlẹ̀jọlẹ̀ ni a ó bá dé. Ó péye, ó sì dùn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì wo ni yóò la ẹnu pè é lójú aboyún?

Níbí ni iṣẹ́ àwa tó ń túmọ̀ ìmọ̀ràn ìlera ti yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà tó ṣáájú. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Olùkọ́ wà ní kíláàsì tí yóò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tuntun títí yóò fi mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lára. Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni aboyún ti ń gbọ́ tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n tó pe nọ́ńbà káàdì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni èèwọ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá ti ní kí aboyún yẹra fún nǹkan, kíá, "èèwọ̀ ni fún aboyún". Ilé èèwọ̀ sì ti kún tẹ́lẹ̀. Ìgbín wà níbẹ̀, wọ́n ní ọmọ yóò máa da itọ́. Ẹyin wà níbẹ̀, wọ́n ní ọmọ yóò jalè. (Oúnjẹ méjì tó ń ṣara lóore gan-an, fún ẹni tí kò rówó ẹran!) Bí ẹ bá wá ní ẹyin tí kò jinná jẹ́ èèwọ̀, ìyá ọkọ á ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Mo ti wí fún un pé kó má jẹ ẹyin." Orúkọ nǹkan ni èèwọ̀ ń dì mọ́: ìgbín tútù, ìgbín sísè, ìgbín ni. Ìmọ̀ràn dókítà kò bá orúkọ jà, ipò tí oúnjẹ wà ló ń wò. Èèwọ̀ kì í sì í yí padà, ìmọ̀ràn dókítà a máa yí. Ní 2017, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní aboyún lè jẹ ẹyin tí inú rẹ̀ ṣì ń ṣàn, bó bá ti ní òǹtẹ̀ kìnnìún lára, nítorí àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún adìyẹ wọn. Ẹyin Ilé-Ogbó kò ní òǹtẹ̀ kìnnìún. Kí aboyún ibẹ̀ bọ̀ ọ́ jinná, kó jẹ ẹ́.

Májèlé náà ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ sọ pé májèlé wà nínú ìrẹsì àná, ìbéèrè tó kàn ni pé ta ló fi í síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sọ́tàá kankan ńbẹ̀: kòkòrò kan tí ń jẹ́ Bacillus cereus ló ń yọ oró sínú ìrẹsì tó wà nílẹ̀ láìsí nínú fíríìjì, oró náà kì í sì í lọ bí ẹ bá tún un gbé kaná. Biryani tàbí jọ̀lọ́ọ̀fù, ìyà kan náà ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ sísè má ju wákàtí méjì lọ nílẹ̀ lásán. "Ìrẹsì yìí ti ní oró" tó. Kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Fún òṣùwọ̀n iná, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún ilé ìdáná tó ní tẹmómítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn kan náà ní kí oúnjẹ gbóná dé ìwọ̀n 70. Ẹlẹ́kọ tó ń kiri ti ń pè é tipẹ́: gbígbóná fẹlifẹli. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ipò tí kòkòrò ń fẹ́. Aboyún tó bá dé ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Íńdíà, ní Èkó ni o, ní London ni o, kí wọ́n gbé kọ́rì adìyẹ tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, kó dá a padà.

Ti èròjà rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù bani lọ, nítorí Yorùbá ti ya oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára àsèjẹ. Atalẹ̀ pupa inú kọ́rì, oúnjẹ ni. Atalẹ̀ pupa tí wọ́n lọ̀ sínú kápúsù, tí wọ́n ní kó máa lò láàárọ̀ lálẹ́, ti di oògùn, kó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Hulba tí àwọn alágbo ń tà, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Òjé, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lead, ló ṣòroó sọ. Ní Bangladesh, àwọn oníṣòwò kan ti po àwọ̀ olójé mọ́ atalẹ̀ pupa kó lè pọ́n dáadáa, òjé sì ń gba ara ìyá lọ sí ọpọlọ ọmọ inú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ òjé mọ́, àfi ẹni tó bá ti rí ẹ̀gbà ọwọ́ olórìṣà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ tìróò. Ní Boston, ní 2011, àyẹ̀wò fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ jòjòló kan tí òbí rẹ̀ ń lé tìróò Nàìjíríà fún, òjé ló sì pọ̀ jù nínú tìróò náà. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí aboyún Ilé-Ogbó mọ irú òjé tó ń sọ, kó ní kí wọ́n yọ ìgò tìróò tó wà nínú báàgì wọn.