Ìda Oyin àti Orí Idẹ

  Ẹ rọra kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ padà sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì kà á sókè fún ẹni tó jókòó tì yín.

Ọ̀rọ̀ oyin la fẹ́ sọ. Ní èdè wa, orúkọ kan náà là ń pe kòkòrò náà àti ohun dídùn tó ń ṣe. Oyin ń ta ènìyàn, oyin sì ń dùn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n fi oyin sí lẹ́nu ní ọjọ́ tí wọ́n sọ wá lórúkọ. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí oyin ń ṣe, tí a kì í kà sí. Bí a bá ti fún oyin tán lára afárá, kí là ń ṣe sí èyí tó kù? Àwọn kan á jẹ ẹ́ lẹ́nu, wọ́n á sì tu ṣàǹtí rẹ̀ dà nù. Àwọn mìíràn á jù ú sí ààtàn. Ohun tí wọ́n jù nù yẹn ló ń jẹ́ ìda. Ìtàn ìda ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ilé oyin. Ìyá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó ń yé ẹyin. Òun ni wọ́n ń pè ní ayaba. Àwọn akọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kì í wá oúnjẹ, wọn kì í sì í ta ènìyàn. Àwọn yòókù pọ̀ lọ jàra, abo ni gbogbo wọn, àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oko. Oyin òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ láyé. Ní àkókò tí iṣẹ́ bá pọ̀, bí ọ̀sẹ̀ 6 ló ń lò kó tó kú. Nígbà tó ṣì kéré, ìda máa ń yọ jáde ní ojú 8 lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ó máa ń pẹlẹbẹ, ó sì ń fúyẹ́ bí ìpẹ́ ẹja wẹ́wẹ́. Oyin á fi ẹsẹ̀ mú un, á fi ẹnu rún un títí yóò fi rọ̀, á wá fi mọ ògiri. Ihò kọ̀ọ̀kan nínú afárá ní igun 6, wọ́n sì fara ti ara wọn débi pé àyè kankan kò ṣòfò. Kí oyin tó lè ṣe ìda kílò 1, wọ́n ní láti jẹ oyin tó bíi kílò 6 sí 8. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ là ń jù sí ààtàn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa ti mọ adùn oyin. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Frankfurt ní Jámánì gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ti wa ilẹ̀ ní àárín Nàìjíríà, níbi tí àwọn tí à ń pè ní ará Nok gbé láyé àtijọ́. Wọ́n yẹ àfọ́kù ìkòkò 458 wò, láti mọ irú ọ̀rá tó ti wọ inú amọ̀ wọn. Bí a bá pín àfọ́kù náà sí ọ̀nà mẹ́ta, bí ìdá kan ló ní àmì ìda oyin lára. Ìtàn náà lọ sẹ́yìn tó ọdún 3500. Oyin tí wọ́n fi sínú ìkòkò náà ti bá omi òjò lọ láti ayébáyé. Ìda ló dúró títí di òní.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, ńṣe ni wọ́n ya àwòrán oyin. Ní Spéìn, nínú ihò àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Cuevas de la Araña, àwòrán ẹnì kan wà tó rọ̀ mọ́ okùn lókè, tó ń kó oyin, tí àwọn oyin sì ń fò yí i ká. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti kọjá lórí àwòrán náà. Ní Íjíbítì, nínú tẹ́ńpìlì oòrùn tí ọba Niuserre kọ́ ní nǹkan bí ọdún 4400 sẹ́yìn, wọ́n gbẹ́ àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó oyin nínú ilé oyin tí wọ́n ń dà á sínú ìkòkò. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé Súrà 16 nínú Kùránì, orúkọ oyin ló ń jẹ́. Ẹ̀yin Kristẹni náà mọ̀ nípa Sámúsìnì tó bá oyin nínú òkú kìnnìún.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Bí ẹ bá wo àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀, ẹ kò ní rí oyin kan lójú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni oyin lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà. Lójú tèmi, ó tiẹ̀ ju kí a ya àwòrán rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni. Inú ilẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti kan orí idẹ, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ojú wọn dà bí ojú ènìyàn tó wà láàyè. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lójú àwọn kan, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Àwọn onímọ̀ sọ pé láàárín bí ọdún 1100 sí 1500 ni wọ́n ṣe wọ́n. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, ti rí orí idẹ kan ní Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní orí Olókun. Iṣẹ́ náà dára lójú rẹ̀ débi pé kò gbà pé ènìyàn dúdú ló ṣe é. Ó ní àwọn ará ilẹ̀ kan tó ti rì sínú òkun, tí wọ́n ń pè ní Atlantis, ló ni ọgbọ́n náà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Nígbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ṣì wà nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn lójú gbogbo ayé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀.

Alágbẹ̀dẹ á po amọ̀, á fi mọ orí. Kò ní ṣe ojú sí i, kó ṣáà ti rí roboto. Á jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò yọ́ ìda, yóò fi bo amọ̀ náà yíká, kó tínrín. Ara ìda yìí ló ti ń ṣe imú, ètè, etí, ìpéǹpéjú àti ilà. Ìda rọ̀, ó ń gbọ́ ti ọwọ́. Bí ètè kan bá tóbi jù, á hó o. Bí imú bá pẹlẹbẹ jù, á lẹ ìda díẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi amọ̀ tó kúnná dáadáa bò ó, á tún fi amọ̀ mìíràn tó le bo ìyẹn, á sì dá ihò sílẹ̀. Nígbà náà ni yóò gbé e lé iná. Ìda oyin kì í pẹ́ yọ́. Omi tó ń hó, ìwọ̀n ooru rẹ̀ jẹ́ 100. Kí ooru tó tó 65, ìda ti yọ́. Gbogbo rẹ̀ á gba ojú ihò ṣàn jáde, àyè rẹ̀ á sì ṣófo láàárín amọ̀ méjèèjì.

Inú àyè tó ṣófo yẹn ni wọ́n ń da idẹ sí. Iná ewìrì ló ń yọ́ idẹ, kì í ṣe iná ọbẹ̀. Bàbà tí kò ní àdàlù kò ní yọ́ àfi bí ooru bá lé ní 1080. Bí idẹ náà bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ òde dà nù. Imú tí wọ́n fi ìda ṣe ti di imú idẹ. Ilà tí wọ́n fi ìda fà ti di ilà idẹ. Bí atẹ́lẹ̀ ìka alágbẹ̀dẹ bá ti hàn lára ìda, ó lè hàn lára idẹ pẹ̀lú. Ìda ti lọ, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìtàn Ifẹ̀ so iṣẹ́ yìí mọ́ orúkọ ọba kan, Ọbalùfọ̀n. Ìbòjú bàbà kan tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè wà lára àwọn iṣẹ́ àgbàyanu Ifẹ̀. Kì í sì í ṣe níbi gbogbo ni wọ́n ti ń lo ìda oyin. Ní Igbó-Ùkwú ní ilẹ̀ Ìgbò, níbi tí wọ́n ti hú iṣẹ́ idẹ tó ti lé ní 1000 ọdún, àwọn onímọ̀ kan rò pé oje igi ni wọ́n lò dípò ìda.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí idẹ ti wá. Ọ̀nà jíjìn ni. Àwọn oníṣòwò fi ràkúnmí rù ú la aṣálẹ̀ Sahara kọjá. Lẹ́yìn náà ni àwọn Potogí fi ọkọ̀ òkun kó idẹ wá, tí wọ́n ti rọ bí ẹ̀gbà ọwọ́. Wọ́n fi ra ata, wọ́n fi ra eyín erin, wọ́n sì fi ra ènìyàn. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ fi hàn pé idẹ tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀gbà náà, láti ẹ̀gbẹ́ odò Rhine ní Jámánì ló ti wá, àti pé irú idẹ yẹn náà ni wọ́n yọ́ fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ idẹ Ẹdó. Idẹ la òkun kọjá, ṣùgbọ́n ìda kò rin ìrìn àjò kankan. Inú ihò igi ní igbó wa ló ti wá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ rú yín lójú. Ìlú Ẹdó tí mo ń wí, tí wọ́n ń pè ní Benin City, Nàìjíríà ló wà. Orílẹ̀-èdè tiwa, Dàhòmì ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni wọ́n sọ ọ́ ní Benin. Ìlú Ẹdó yẹn ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lẹ́rù ní ọdún 1897, tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère lọ sí Yúróòpù. Ṣùgbọ́n wọn kò rí ọgbọ́n ọwọ́ kó lọ. Ní àdúgbò Ìgún ní Ẹdó, wọ́n ṣì ń fi ìda ṣe ère idẹ di òní. Ní Agbómẹ̀ níhìn-ín, ìdílé Hountondji ló ń ṣe iṣẹ́ idẹ fún àwọn ọba Dàhòmì, ọ̀nà kan náà sì ni wọ́n ń gbà. Àti ẹdan Ògbóni tí àwọn àgbà ń mú lọ́wọ́, akọ àti abo tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀: ìda ni kó tó di idẹ. Èmi kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹdan.

Àwọn òyìnbó mọ iyì ìda ní tiwọn. Láti ayé àwọn Potogí ni wọ́n ti ń ra ìda ní apá Gáḿbíà àti Sẹ̀nẹ̀gà, kí wọ́n lè fi ṣe àbẹ́là fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Faransé kan, Michel Adanson, gbé ní Sẹ̀nẹ̀gà láti ọdún 1749 títí di 1753, ó ń kọ nípa igi àti ẹranko ibẹ̀. Ní ọdún 1804, Latreille tó jẹ́ Faransé bíi tirẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe oyin tiwa: adansonii ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Igi oṣè náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ó kù sí Pobẹ̀. Ní ọdún 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ níbí, ẹ sì mọ bí ọ̀pẹ ti pọ̀ tó láti ìgbà náà. Oyin fẹ́ràn òdòdó akọ ọ̀pẹ, ó ń kó lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lọ sílé. (Kòkòrò kékeré mìíràn ló ń bá wa mú ọ̀pẹ so, kì í ṣe oyin.) Ṣùgbọ́n oyin kì í rí ibùgbé tó dára nínú ọ̀pẹ bíi ti ìrókò tó ní ihò. Igi ńlá ti dín kù. Igbó àdáyébá díẹ̀ ló kù, ìyẹn èyí tó wà níbi ibùdó náà.

Ilé oyin tó sì kù, iná là ń fi kó o. Ẹ mọ bó ṣe ń rí: òru, ògùṣọ̀, ọkùnrin méjì lórí igi. A lè rí oyin igbá kan tàbí méjì, tó ti pa pọ̀ mọ́ eérú. Ayaba á jóná, ọmọ inú ihò á jóná, ìda á yọ́ wọ inú ilẹ̀. Ní ọdún tó ń bọ̀, kò sí ohunkóhun nínú igi yẹn mọ́. Mi ò bú àwọn baba wa tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwọn, igbó pọ̀, bí wọ́n bá sun ilé oyin kan, mẹ́wàá ṣì wà níwájú. Ní tiwa, kò sí mẹ́wàá níwájú. Èéfín nìkan tó. Bí ẹ bá fẹ́ èéfín tútù sí wọn, tí ẹ gé afárá tó ní oyin, tí ẹ fi ti ọmọ sílẹ̀, wọ́n á tún un mọ. Àwọn kan ń lo àpótí onígi tó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lórí, irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní Kẹ́ńyà ní bí ọdún 1970 sí 1975. Ara ọ̀pá ni afárá ń rọ̀ sí, ẹ lè gbé ọ̀kan láìfọwọ́ kan ìyókù.

Nípa ìda, bí ẹ ó ti ṣe é nìyí. Bí ẹ bá fún oyin tán, ẹ fi omi fọ afárá. Ẹ gbé omi kaná nínú ìkòkò tí ẹ kò fi se ọbẹ̀ mọ́, ẹ da afárá sí i. Ẹ má jẹ́ kó hó gidigidi, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lọ ibì kankan, torí ìda ń gbiná bí epo. Bó bá ti yọ́ tán, ẹ fi aṣọ àtijọ́ sẹ́ ẹ sínú igbá tó ní omi díẹ̀, kí ẹni méjì lọ́ aṣọ náà kó fún dáadáa. Ẹ fi sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ìda á ti dì lókè omi, á pọ́n bí ẹ̀kọ àgbàdo pupa. Abẹ́ rẹ̀ á ní ìdọ̀tí díẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ hó o kúrò.