Àṣá Peregrine: Bí Ó Ṣe Fẹ́ Parun àti Bí Wọ́n Ṣe Gbà á Là

Kò sí ẹyẹ tó yára tó àṣá peregrine láyé. Bó bá ti fojú sun ẹyẹlé nísàlẹ̀, á pa ìyẹ́ mọ́ra, á já wálẹ̀ pẹ̀lú eré tó lé ní kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ọlọ́lá Yúróòpù àti ilẹ̀ Lárúbáwá fi ń kọ́ ọ kó lè máa bá wọn ṣọdẹ. Nígbà tí ìbọn gbòde, ẹni iyì di ọ̀tá: àwọn tó ń ṣọ́ oko ọdẹ ní Bìrìtéènì ń yìnbọn pa á, àwọn mìíràn sì ń jí ẹyin rẹ̀ kó sínú àpótí fún ọ̀ṣọ́.

Ní 1940, lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Bìrìtéènì fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa á, torí ó ń gbé ẹyẹlé tí àwọn ológun òfurufú fi ń ránṣẹ́. Nǹkan bí 600 ló bá ogun yẹn lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ogun parí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ohun tó fẹ́ pa wọ́n run gan-an kò dún bí ìbọn rárá.

Lẹ́yìn ogun ni àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n DDT sóko láti pa kòkòrò. Ẹyẹ kéékèèké jẹ kòkòrò, àṣá jẹ ẹyẹ, májèlé náà sì ń pọ̀ sí i nínú ọ̀rá ara rẹ̀. Kì í jẹ́ kí abo rí kálísíọ̀mù tó láti fi mọ karawun ẹyin. Ìyá jókòó sába, ẹyin fọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ní 1960, àwọn tó ń sin ẹyẹlé ní Bìrìtéènì fẹjọ́ sun ìjọba pé àṣá ti pọ̀ jù. Ìjọba ní kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Derek Ratcliffe, darí kíka àwọn àṣá náà, ohun tó sì bá ni pé iye tó kù kò tó ìdajì ti ìgbà tí ogun kò tíì dé. Ó wá wọn àwọn ẹyin tí àwọn èèyàn ti kó pamọ́ láti ìgbà pípẹ́, ó rí i pé láti 1947 ni karawun ti ń fẹ́lẹ́, ó sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 1967. Àwọn tó jí ẹyin wọ̀nyẹn kó ṣe ìkà, ṣùgbọ́n àpótí wọn ló jẹ́rìí sí ohun tó ń pa àṣá.

Ní Amẹ́ríkà, nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1960, kò sí ẹyọ kan tó ń bímọ mọ́ ní ìlà-oòrùn odò Mississippi. Ìjọba fòfin de DDT níbẹ̀ ní 1972. Bìrìtéènì kò ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 1984. Òfin nìkan kò lè dá ẹyẹ tó ti lọ padà. Ní 1970, Tom Cade, olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell tó tún ń fi àṣá ṣọdẹ, dá The Peregrine Fund sílẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì yọ̀ǹda ẹyẹ wọn kí wọ́n lè máa bímọ nínú àgò. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sínú àpótí lórí ilé ìṣọ́ gíga, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ láìjẹ́ kí wọ́n rí èèyàn, títí wọ́n á fi lè pa ẹran fúnra wọn. Wọ́n tú èyí tó lé ní 4,000 sílẹ̀. Ní 1999, ìjọba Amẹ́ríkà yọ orúkọ àṣá náà kúrò lára àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu.

Ọgbọ́n àwọn tó ń fi àṣá ṣọdẹ náà ni wọ́n fi ń tọ́jú àṣá tó fara pa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń pààrọ̀ ìyẹ́, nítorí náà èyí tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kán lára wáyà lè pẹ́ gan-an kó tó fò dáadáa. Ọdẹ àtijọ́ á gé ìyẹ́ tó kán, á wá irú rẹ̀ gan-an tó já bọ́ lára ẹyẹ mìíràn, ti ọ̀tún fún ọ̀tún, á ki abẹ́rẹ́ onígun mẹ́ta bọ inú ihò ìyẹ́ méjèèjì, á sì fi so wọ́n pọ̀. Lónìí, ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n sábà ń lò, ọgbọ́n kan náà ni. Ní ilé ìtọ́jú bíi The Raptor Center ní Yunifásítì Minnesota, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974, àwọn dókítà ń to egungun, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá òjé wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á so okùn gígùn mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ náà, kó máa fò títí ara rẹ̀ á fi le. Èyí tí apá tàbí ojú rẹ̀ kò bá pé, wọn kì í tú u sílẹ̀, torí ebi ló máa pa á.

Lára àwọn àṣá peregrine tó ń bímọ ní àríwá Yúróòpù máa ń wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lásìkò òtútù. Ẹni tó bá rí èyí tó fara pa, kó gbé e sínú páálí tí atẹ́gùn lè wọ̀, níbi tó ṣókùnkùn tó sì dákẹ́, kó má fún un lóúnjẹ tàbí omi, kó sì tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.