Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ Àwá Dé? Bí Eré Ogun Orí Tábìlì Ṣe Di Eré Àdáta

Eré ẹni méjì ni ayò. Ẹni tó bá bá wọn nídìí ọpọ́n á kí wọn pé, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ." Bí ọ̀ta kò bá rí ọ̀pẹ bá ta á, kò sí eré. Òwe wa náà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ṣùgbọ́n lónìí, àwọn kan wà tí wọ́n ń to ère kéékèèké sórí tábìlì, tí wọ́n ń dá ta eré ogun ayé tó ti parun, oṣù dé oṣù, láìsí alátakò kankan. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn náà láti Prussia, ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1812, Georg Leopold von Reisswitz gbé eré ogun kan wá síwájú ọba. Ọmọ rẹ̀ tún un ṣe, ó sì tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1824 fún ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun. Ìhà méjì ló ń jà, adájọ́ sì wà láàárín wọn. Dáìsì, irú èyí tí a ń jù nínú lúdò, àti àtẹ ló fi ń mọ iye ẹni tó kú, òun náà ló ń sọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan lè rí. Nígbà tó di 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, tẹ Little Wars jáde. Tirẹ̀ kò lo dáìsì rárá: àgbá ìṣeré ló fi ń yìnbọn lu àwọn ọmọ-ogun kékeré tí a fi òjé ṣe. Síbẹ̀, ó ṣì nílò ẹni tí yóò bá a jà.

Ọdún 1974 ni nǹkan yí padà ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde. Adájọ́ wá di asọ̀tàn. Fún ìrìn inú aginjù, òfin wọn ní kí a lo máàpù eré kan tó ti jáde ní 1972, Outdoor Survival. Orí irú máàpù bẹ́ẹ̀, ibi tó bá wu ẹ ni o lè gbà. Ní 1975, Gygax kọ ọ̀nà tí ẹnìkan lè gbà dá ta á: dáìsì àti àtẹ ni yóò sọ ibi tí ọ̀nà yà sí àti ohun tó lúgọ síbẹ̀. Gamma World gbé irú eré yìí lọ sí ayé lẹ́yìn ìparun ní 1978. Nígbà tí Fallout: Wasteland Warfare jáde ní 2018, ó ti ní ìlànà tó ń darí ère ọ̀tá tí ẹnikẹ́ni kò bá dì í mú.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ayé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ kò nílò ohun púpọ̀. Ya máàpù, sọ ibi márùn-ún tàbí mẹ́fà lórúkọ. Kọ àtẹ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan, ju dáìsì fún ibi tí o kò dé pẹ̀lú, kí ayé náà má bàa dúró dè ọ́. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ibi tó le wà níwájú. Ère tí o ti ń tọ́jú láti oṣù mẹ́ta wá, dáìsì ní kó kú. Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́. Ṣé wàá tún un jù? Babaláwo kì í yan Odù tí yóò jáde. Èyí tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá fi hàn ló ń kì. A kò sọ pé eré yìí jọ Ifá o, àmọ́ ẹni tó bá tún dáìsì jù ti pa adájọ́ tó kù fún un, ìtàn rẹ̀ sì ti di àlá tó ń fúnra rẹ̀ lá.

Nítorí náà, òwe wa kò tíì parọ́. Ẹni tó ń dá ta á gbọ́dọ̀ gbà kí nǹkan mìíràn lè borí òun. Bí ẹ bá bá a nídìí tábìlì rẹ̀, ẹ ṣì lè kí i: mo kọ́ta, mo kọ́pẹ.