Ọwọ́ Òsì Kì í Ṣe Ọwọ́ Òṣì

  

Ìyá kan mú ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ wá bá wa ní Múṣin. Ìka ọwọ́ òsì ọmọ náà wú, nítorí pé olùkọ́ ti fi igi nà án pé ó ń fi òsì kọ̀wé. Ìyá náà ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ojúwòyè, ó sì ti rí i pé àlùmọ́gàjí òun kò gbọ́ tí ọmọ náà bá mú un. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ kò ní rí ìwé kọ́, kò sì ní rí iṣẹ́ ọwọ́ kọ́. Ó bèèrè ẹbọ tí a lè rú kí ọwọ́ náà lè yí padà. Kí a tó gbé Ifá kalẹ̀, ìtàn ni a kọ́kọ́ sọ fún un. Ìtàn náà ni a mú wá síwájú yín lónìí.

A kò ní purọ́ mọ́ àwọn baba wa. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. A kì í fi òsì jẹun nínú àwo àjọjẹ, a kì í sì fi í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, nítorí pé ọwọ́ tí a fi ń ṣe ìmọ́tótó ara ni. Ìlànà ọmọlúàbí ni èyí. Kì í ṣe ìdájọ́ lórí ẹni tí òsì rẹ̀ lágbára ju ọ̀tún lọ.

Ohun tí ó da ọ̀rọ̀ rú ni ìró. Òsì ni ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe ọ̀tún. Òṣì ni àìní. Ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ní, àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà ni ó yà wọ́n nínú ìwé. Ní ẹnu ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn, tí wọn kì í ya ṣ sọ́tọ̀ kúrò lára s, ọ̀rọ̀ méjèèjì a di ọ̀kan. Síbẹ̀, Ìbàdàn kan náà ni a ti ń jẹ Òsì Olúbàdàn àti Òsì Balógun, kò sì sí ẹni tí ó rò pé òṣì ni a fi joyè.

Ọ̀yọ́ tún fi yé wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó sọ nípa olórí ìwẹ̀fà mẹ́ta ní ààfin: Ọ̀nà, Ọ̀tún àti Òsì. Òsì ni ó kẹ́yìn ní ìtò, ṣùgbọ́n òun ni ọlá rẹ̀ pọ̀ jù. Òun ni ó ń ṣojú Aláàfin, a sì gbà á láyè láti lo adé àti agboorùn ọba.

Ọwọ́ òsì ni àwọn Ògbóni fi ń kí ara wọn. Ẹni tí ó bá wo ère ẹdan yóò rí i pé ìkúùkù òsì ni ó sábà máa ń wà lórí ti ọ̀tún. Nínú Ifá tiwa náà, ọwọ́ òsì ni ikin mẹ́rìndínlógún wà tí a fi ń fi ọ̀tún gbá wọn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, a ó tẹ ojú méjì; bí méjì bá ṣẹ́kù, a ó tẹ ojú kan. Ìka ọ̀tún ni ó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìyẹ̀rosùn, ṣùgbọ́n ohun tí ó kù sí òsì ni ó ń sọ ohun tí ọ̀tún yóò tẹ̀.

Nígbà tí a ń kọ́ Ifá, ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Olúwo wa kò nà án. Ó ní kí ó máa fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kí ó sì fi ọ̀tún tẹ Ifá bí ìlànà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ro oko tàbí ó ń gé ewé, kí ó lo ọwọ́ tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nínú gbogbo wa, ikin kì í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbo wá ni ẹgba ti wá? Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí Múṣin wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ti Èkó tẹ̀lé e ní 1957. Ọmọ rẹpẹtẹ jókòó sórí àga gbọọrọ, ẹni tí ń fi òsì kọ̀wé sì hàn gbangba. Àwọn Òyìnbó tí ó gbé irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wá ń ṣe é sí ọmọ tiwọn náà. George Kẹfà, tí ó jọba lé wa lórí láti 1936 sí 1952, ọlọ́wọ́ òsì ni. Wọ́n fi ipá mú un lo ọ̀tún ní kékeré. Ẹgba ilé ìwé gun orí ìlànà ọmọlúàbí wa, ni a bá rò pé àṣà wa ni gbogbo rẹ̀.

Àwa tí a ti dàgbà rántí ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní òsì, kí wọ́n máa rin ọ̀tún. Ọkọ̀ gbọ́ àṣẹ. Ọwọ́ kì í gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú ara ni ó ti wá. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ní ayé ni ó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì.

A dá Ifá fún ọmọ náà. Ifá kò béèrè ẹbọ kankan lórí ọwọ́. A sọ fún ìyá rẹ̀ pé àlùmọ́gàjí tí a rọ fún ọ̀tún ni kò gbọ́ fún òsì, pé èyí tí a rọ fún òsì wà. A bá a lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ náà gbọ́ wa dé òpin, ó sì gbé ọmọ náà jókòó sí ìpẹ̀kun àga ní apá òsì, kí ìgúnpá rẹ̀ má baà máa kọlu ti ẹnìkejì. Kò nà án mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a máa kọ́ ọmọ wa láti fi ọ̀tún kí àgbà, kí a sì fi bírò sílẹ̀ fún ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n mú. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.