Ẹfun Ara Ògiri Gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí Ìtàn: Ilé Òkúta Ìlú Newport

Ìfáárà

Ní ìlú Newport, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, ilé òkúta róbótó kan wà tí ó dúró lórí òpó mẹ́jọ. Ní ọdún 1839, ọ̀mọ̀wé ará Denmark kan, Carl Christian Rafn, kéde pé àwọn Viking ni ó kọ́ ọ, ṣáájú kí Columbus tó la òkun kọjá ní 1492. Ṣùgbọ́n gómìnà Benedict Arnold ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún rẹ̀ ní 1677 pé ọlọ afẹ́fẹ́ tí a fi òkúta kọ́ jẹ́ ti òun. Ìwé yìí nìkan kò lè parí ìjà: ẹni tí ó ni ilé lè máà jẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ.

Bí ẹfun ṣe ń jẹ́rìí

Nígbà tí iná bá jó òkúta ẹfun tàbí ìkarahun, afẹ́fẹ́ kábọ̀nù inú rẹ̀ á jáde. Bí wọ́n bá wá pò ó mọ́ omi àti yanrìn, tí wọ́n sì fi mọ ògiri, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fa irú afẹ́fẹ́ náà padà títí yóò fi le. Kábọ̀nù-14 ti àkókò ìmọlé ni ó há sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdajì rẹ̀ a sì máa parẹ́ láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún. Labeyrie àti Delibrias tẹ ìròyìn ọ̀nà yìí jáde ní 1964.

Ọ̀fìn méjì wà níbẹ̀. Òkúta tí kò jóná tán a máa mú kí ògiri dàbí èyí tí ó dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹfun tí ó pẹ́ kí ó tó le a sì máa sọ ọ́ di ọ̀dọ́. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń da ásíìdì sí i, tí wọ́n sì ń gba afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní ìpele ìpele, nítorí ẹfun ìmọlé a máa tètè yọ́ ju òkúta lọ.

Ẹ̀rí láti Newport

Ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, àwọn onímọ̀ láti Denmark àti Finland, tí wọ́n ń lo ọ̀nà yìí fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ erékùṣù Åland, yẹ ẹfun ilé náà wò. Èsì wọn bọ́ sí àárín 1635 sí 1698.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó fara mọ́ Rafn lè sọ pé ẹfun náà ni ó pẹ́ kí ó tó le. Ṣùgbọ́n ìpẹ́ náà yóò ju 600 ọdún lọ, yóò sì ní láti ṣe kòńgẹ́ ìgbà ayé Arnold. Láfikún, William Godfrey ti walẹ̀ níbẹ̀ ní 1948 àti 1949, ohun èlò àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó ní 1639 ni ó sì bá nídìí ìpìlẹ̀. Ìwé, ilẹ̀ àti ẹfun fohùn ṣọ̀kan.

Àgbálọgbábọ̀

Èyí kò sọ pé àwọn Viking kò dé Amẹ́ríkà. Ní L'Anse aux Meadows ní Kánádà, ibùdó wọn wà. Ìwádìí tí ó jáde ní 2021 fi hàn pé wọ́n gé igi níbẹ̀ ní 1021. Wọ́n dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé Newport kì í ṣe tiwọn. Òtítọ́ ibì kan kò lè jẹ́rìí fún ibòmíràn. Ògiri kọ̀ọ̀kan ni ó ni ẹfun tirẹ̀.