Iná tí wọ́n gbàgbé sínú ìwé: ọ̀rọ̀ iyọ̀ yíyọ́ ti Oak Ridge 🧵

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "ìjọba Amẹ́ríkà ti rí iná tó dáa jù, wọ́n kàn gbé e pamọ́ fún wa ni", ẹ súnmọ́bí. Láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń ka àwọn ìwé àṣírí wọn tí wọ́n ti tú sílẹ̀. Mo rí iná kan tí wọ́n gbàgbé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún yín.

Oak Ridge, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ló ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà ń fẹ́ bàálù ajubọ́ǹbù tó lè wà lókè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láì sọ̀ kalẹ̀ wá bu epo. Wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ fi agbára núkílíà gbé e.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá nìyí: dípò kí uranium wà ní líle, wọ́n pò ó mọ́ iyọ̀ tó yọ́, tó ń ṣàn bí omi. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o! Iyọ̀ fluoride ni. Ní November 1954, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ìwé tí wọ́n kọ nípa ẹ̀ ni ORNL-1845. Àṣírí ni nígbà yẹn. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní dátà lè rí i lórí ìkànnì OSTI.

Kò sí bàálù kankan tó fi agbára yẹn fò rí. Ààrẹ Kennedy fagi lé ètò náà ní 1961. Àmọ́ Alvin Weinberg, ọ̀gá Oak Ridge, ò jẹ́ kí ọgbọ́n iyọ̀ yẹn sọnù. Ó rí i pé ó lè wúlò fún iná mànàmáná ará ìlú. Ní June 1965, wọ́n tan ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n pè ní MSRE. Kí wọ́n tó pa á ní December 1969, ó ti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 13,000 lọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: wọ́n jẹ́ kí iyọ̀ dì sínú páìpù kan nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i kó má baà yọ́. Tí iná bá lọ (bíi tiwa níbí 😭), afẹ́fẹ́ á dúró, iyọ̀ yẹn á yọ́, gbogbo epo inú ẹ̀rọ á ṣàn lọ sínú táǹkì, iṣẹ́ á sì dúró fúnra ẹ̀.

Kí ló wá pa á? Ṣé àwọn olówó epo ni? Fáìlì ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìjọba ti kówó lé irú ẹ̀rọ mìíràn tó ń lo sodium. Ní 1972, ìwé ìjọba kan, WASH-1222, to àwọn ìṣòro ẹ̀rọ oníyọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Irin tó gba iyọ̀ náà mọ́ra ń sán, fún àpẹẹrẹ. Ní 1973, Weinberg kúrò nípò. Ní 1994 pàápàá, wọ́n rí i pé uranium ti ń yọ́ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí nínú MSRE tí wọ́n ti pa tipẹ́. Dídára ẹ̀ àti àléébù ẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó jí i gbé. Orí pẹpẹ ni wọ́n gbé e sí, eruku bò ó. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ẹnjiníà NASA kan, Kirk Sorensen, rí ìwé tí àwọn ará Oak Ridge kọ ní 1958. Ó wá rí sí i pé àwọn ìwé yẹn dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ta ló wá kà á dójú àmì? Ṣáínà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn ní 2011. Ní October 2023, ẹ̀rọ oníyọ̀ tiwọn gbéra nítòsí Wuwei, ní ìpínlẹ̀ Gansu. Lára ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn ni àwọn ìwé Oak Ridge yìí, tí èmi àti ẹ̀yin lè kà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Tẹ́ ẹ bá tún rí fídíò "iná tí wọ́n fi pamọ́", ẹ bi ẹni tó gbé e síta pé: nọ́ńbà fáìlì ńkọ́? Tí kò bá ní, ẹ kọjá. Èmi ti fún yín ní tèmi. Ẹ lọ kà á.