Ẹranko Nínú Iṣẹ́ Francisco Toledo: Láti Ọjà Juchitán dé Orí Bébà

Nínú àwọn ayàwòrán Mẹ́síkò tí wọ́n dìde lẹ́yìn ìran Diego Rivera, bóyá ni a lè rí ẹni tí ẹranko kún inú iṣẹ́ rẹ̀ tó ti Francisco Toledo (1940–2019). Ọ̀nì, ìgúánà, àkeekèé, tata, àdán, akàn àti ọ̀bọ ni wọ́n ń gun ara wọn níbẹ̀, tí ẹranko ń di ènìyàn, tí ènìyàn sì ń di ẹranko. Èyí ló mú kí àwọn lámèyítọ́ kan kà á mọ́ àwọn ayàwòrán ojú àlá ti Yúróòpù. Èrò tiwa yàtọ̀: ilé ni àwọn ẹranko náà ti wá.

Ọmọ ẹ̀yà ìbílẹ̀ Zapotec ni Toledo, Juchitán sì ni orírun ìdílé rẹ̀. Ìlú yìí wà ní ìpínlẹ̀ Oaxaca ní gúúsù Mẹ́síkò, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òkun méjì. Wọ́n ń ta ìgúánà, ẹranko bí alángbá ńlá, lọ́jà Juchitán, wọ́n sì ń sè é jẹ. Ní Oaxaca, wọ́n ń yan tata, wọ́n ń fi iyọ̀, ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ní 1979, Toledo pe ayafọ́tò Graciela Iturbide wá sí Juchitán, níbẹ̀ ni obìnrin yìí sì ti ya ọlọ́jà kan tí ó ru àwọn ìgúánà lórí bí adé. Fọ́tò gidi ni, síbẹ̀ ẹni tí kò mọ ọjà náà lè pè é ní àlá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwòrán Toledo rí.

Kì í ṣe pé kò rìnrìn àjò o. Ó dé Paris ní 1960, ó ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé àwòrán lọ́dọ̀ Stanley William Hayter, ó sì padà sílé ní 1965. Ó máa ń po iyanrìn mọ́ ọ̀dà, tí ojú àwòrán a fi rí gbágungbàgun bí ilẹ̀. Ó ya àwòrán sí àlọ́ Zapotec nípa ehoro tí ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ borí kòyótì, ajá igbó ibẹ̀. Nígbà tí ó tún ya àwọn ẹranko inú ìwé òǹkọ̀wé Jorge Luis Borges ní àwọn ọdún 1980, awọ àti ìpẹ́ Oaxaca ni ó wọ̀ fún wọn.

Ìfẹ́ ilẹ̀ yìí kò mọ sórí bébà. Ó bá àwọn tí ń gbin àgbàdo tí a yí àbùdá rẹ̀ padà jà. Ní 2002, nígbà tí McDonald's fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ sí gbàgede àárín ìlú Oaxaca, òun àti àwọn ará ìlú pín támálè, oúnjẹ àgbàdo tí a fi ewé wé, fún èrò láti fi kọ̀ ọ́, ilé oúnjẹ náà kò sì ṣí níbẹ̀. Ní 2014, ó ya ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 43 ti ilé ẹ̀kọ́ Ayotzinapa, tí wọ́n jí gbé, sórí káìtì, àwọn ọmọdé sì mú káìtì náà fò lójú òfuurufú.

Bákan náà, ilé tirẹ̀ ni ó sọ di ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà IAGO (Instituto de Artes Gráficas de Oaxaca) ní 1988, tí ó kó ìwé àti àwòrán títẹ̀ sí fún gbogbo ènìyàn. Ní 2015, ó fi í lé ìjọba Mẹ́síkò lọ́wọ́.